Ìyá Ọmọ Sọ́jà

Ní yàrá iṣẹ́ wa, igun mẹ́rin ni ọkùnrin, róbótó ni obìnrin. Ẹni tó bá ti kú, a ó fa ìlà dábùú rẹ̀. Bí tọkọtaya bá wà, ìlà kan so wọ́n pọ̀, ọmọ wọn á sì rọ̀ wálẹ̀ láti àárín ìlà náà bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn. Àjèjì tó bá wọlé lè rò pé ọmọ iléèwé kan ló ń fi pátákó wa kọ́ bí wọ́n ṣe ń yàwòrán. Ṣùgbọ́n Ọ̀gá wa máa ń sọ pé àwòrán yẹn ló kọ́kọ́ ń sọ̀rọ̀, kí ẹ̀jẹ̀ tó sọ tirẹ̀.

Ìwádìí tí à ń ṣe níbẹ̀ kò ju orí kan lọ: kí ló ń ṣe àwọn ọmọ tí wọ́n gbé àìsàn bọ̀ láti inú oyún, tí kò sì hàn lára wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn? Ọ̀gá, dókítà obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè, ti ń lépa ìbéèrè yìí láti ìgbà tí èmi ṣì ń fi ìka ka nọ́ńbà. Àwọn kan nínú wa ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ sínú fíríìjì. Nọ́ọ̀sì wa ló ń lọ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nílé wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kó ohun gbogbo tí wọ́n bá rí sínú kọ̀ǹpútà, kí n sì máa wo ohun tó jọra. Nọ́ọ̀sì ló sọ mí ní Àlọ́. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ṣèèṣì fi okùn tó ta kókó hàn mí, mi ò ní jẹun títí n ó fi tú u, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni okùn lè máà ní kí n tú u o.

"Àlọ́, jókòó jẹ́ẹ́," ló máa ń sọ. "Àbí ẹ̀gún wà lórí àga yẹn ni?"

Ìdílé tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni ti obìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Aránṣọ, torí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Aṣọ ọmọdé ló ń rán. Nígbà tó kọ́kọ́ wá, oyún rẹ̀ ti yọ síta. Ó jókòó síwájú Ọ̀gá, ó gbé ọwọ́ lé ikùn, ó sì ro ẹjọ́ rẹ̀ láìsunkún.

Ọkùnrin ni àkọ́bí rẹ̀. Wọ́n bí i, ó ké, ó mu ọyàn, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Lọ́jọ́ kejì, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn jù. Àwọn tó wá kí i ní ọmọ tó ń sùn ni ọmọ tó ń dàgbà, kó fi í sílẹ̀. Nígbà tó yá, kò gba ọyàn mọ́, ó wá ń mí gúlegúle bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn sáré bọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó lọ. Wọ́n ní kòkòrò ló wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

"Mi ò bá wọn jiyàn," Aránṣọ sọ. "Ṣùgbọ́n, Dókítà, mo ti wọn aṣọ fún ọmọ tó pọ̀. Bí ara ọmọ kò bá yá, ọwọ́ mi máa ń mọ̀ ọ́n. Kò sí nǹkan tó ṣe tèmi kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Ohun tó pa á, inú mi ló ti gbé e bọ̀. Ẹ bá mi wá a, kí èyí náà má bàa..."

Kò parí ọ̀rọ̀ náà.

"A ó wá a," Ọ̀gá dá a lóhùn. Kò sọ pé a ó rí i.

Ìyá tó bí Aránṣọ ti kú tipẹ́. Nínú ilé tí ìyá rẹ̀ ti wá ló dàgbà sí, lọ́wọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀. Òun ló ń pè ní Màmá. Nítorí náà, ọ̀dọ̀ Màmá ni Nọ́ọ̀sì lọ nígbà tí a fẹ́ mọ ìtàn ìdílé náà, torí kò sí ọmọ tí wọ́n bí nínú ilé yẹn tí Màmá kò gbé pọ̀n. Ohun tó sọ fún Nọ́ọ̀sì wúwo. Ìyá tó bí Aránṣọ pàdánù ọmọkùnrin jòjòló kan nígbà ayé rẹ̀. Oorun náà ni. Àbúrò ìyá Aránṣọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Sọ́jà, òun náà bí ọmọkùnrin kan. Oorun náà ni. Àwọn ọmọbìnrin inú ilé náà kò ní nǹkan kan. Wọ́n ń ta kébékébé káàkiri.

Nọ́ọ̀sì yà á sórí pátákó. Ọ̀gá fi ọwọ́ lẹ́rán, ó wò ó títí.

"Àìsàn méjì ló lè fa irú oorun yìí," ó ní.

Nínú ti àkọ́kọ́, ẹ̀dọ̀ ọmọ ni kò pé. Oúnjẹ tó ń kọ́ ara, bí ẹran, ẹ̀wà àti wàrà, máa ń fi pàǹtí sílẹ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń sọ pàǹtí náà di ohun tí a lè tọ̀ dànù. Bí ẹ̀dọ̀ kò bá lè ṣe é, pàǹtí á gorí pàǹtí, á di oró, oró á gun ọpọlọ, ọmọ á sì sùn lọ. Nígbà tó wà nínú oyún, ìyá rẹ̀ ló ń bá a palẹ̀ mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá gé ìwọ́ ni ìdọ̀tí ilé rẹ̀ di tirẹ̀.

Nínú ìkejì, ara ọmọ kò lè lo ọ̀rá tó kó pamọ́. Tí agbára oúnjẹ tó jẹ gbẹ̀yìn bá ti tán, kò ní ohun tí yóò fi gbé ara ró. Òun náà á sùn lọ.

"Ẹ rí i," Ọ̀gá sọ, "ọ̀kan, oúnjẹ ló ń pa á. Èkejì, àìjẹun ló ń pa á. Bí wọ́n bá ti bí ọmọ yìí, a lè fi omi ṣúgà sí i níṣan, kó fi mí fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ìyá rẹ̀ á wojú mi, á ní: 'Dókítà, ṣé kí n fún un lọ́yàn àbí kí n má fún un?' Bí mo bá ṣì í, mo pa ọmọ."

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyẹn, kò sì sí ẹni tí kò yé.

Ọ̀nà tí àìsàn méjèèjì ń gbà rìn nínú ìdílé yàtọ̀ síra. Ìkejì, bàbá àti ìyá ni wọ́n jọ ń dá a. Àkọ́kọ́, ìyá nìkan ló ń gbé e fún ọmọkùnrin. Ohun tí òbí ń fi sára ọmọ láti inú ẹ̀jẹ̀ là ń pè ní àbùdá; obìnrin lè gbé èyí tó bàjẹ́ títí tí yóò fi darúgbó, kó máà mọ̀, torí pé méjì ló ní: ọ̀kan bàjẹ́, èkejì ń ṣiṣẹ́. Ẹyọ kan péré ni ọkùnrin ní, ọwọ́ ìyá rẹ̀ ló sì ti gbà á. Bàbá kò lè fi í lé ọmọkùnrin rẹ̀ lọ́wọ́ láéláé. Wàyí o, Sọ́jà rèé lórí pátákó wa, igun mẹ́rin gìdìgbà, tí ọmọkùnrin rẹ̀ tó kú rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí a bá yọ Sọ́jà kúrò, gbogbo rẹ̀ tọ́ka sí ọ̀dọ̀ àwọn ìyá. Bí a bá fi Sọ́jà sí i, àkọ́kọ́ kò lè jẹ́ òun.

Ọ̀gá bá yọ àkọ́kọ́ kúrò. Ó ní kí wọ́n wá ìkejì nínú ẹ̀jẹ̀ Aránṣọ àti ti ọkọ rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́dọ̀ wa, ọ̀nà rẹ̀ jìn, àwọn tó ni ín sì ń fẹ́ kí á sọ ohun tí à ń wá kí wọ́n tó wá a. A dúró títí. Èsì dé: wọn kò rí nǹkan kan. Ní gbogbo àkókò yìí, ikùn Aránṣọ ń ga sí i, ó ń wá fún àyẹ̀wò, ó ń kí wa, ó ń lọ. Kò béèrè mọ́. Bí a ṣe mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á nìyẹn.

Àwòrán Sọ́jà kò kúrò lójú mi. Mo ń rí i lórí ògiri balùwẹ̀, mo ń rí i lórí àwo ìjẹun. Ọ̀sán ọjọ́ kan, tí Nọ́ọ̀sì ń to ìgò ẹ̀jẹ̀, mo fò dìde lórí àga.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Sọ́jà kò níyàwó."

"Ṣé o fẹ́ bá a wá ọ̀kan ni?"

"Ẹ wò ó ná. Gbogbo igun mẹ́rin tó lọ́mọ ló ní róbótó lẹ́gbẹ̀ẹ́. Sọ́jà nìkan ló dá ọmọ bí."

Nọ́ọ̀sì gbójú sókè. "Màmá kò dárúkọ ìyàwó kankan fún mi. Mo rò pé wọ́n ti túká ni. A kì í fa irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àgbàlagbà."

"Tí ìyàwó náà bá jẹ́ mọ̀lẹ́bí wọn ńkọ́? Tí òun náà bá gbé àbùdá yẹn wá láti ọ̀nà tirẹ̀? Á jẹ́ pé ìyá ọmọ ló fún ọmọ. Sọ́jà kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀."

Ọ̀gá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ò mọ̀. "Ó jìnnà díẹ̀," ó ní. Ó tún wo pátákó. "Ṣùgbọ́n kò sí èyí tó sún mọ́ ọn lọ́wọ́ wa. Ẹ lọ wá ìyá ọmọ náà. Ẹ rọra béèrè o. Ẹ má lọ tanná ran ìjà tó ti kú."

Ilé Màmá gùn bí ọkọ̀ ojú irin, yàrá ń tẹ̀ lé yàrá. Ẹ̀rọ ìránṣọ wà lójú fèrèsé níwájú, Aránṣọ, tó ń wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́, jókòó tì í, ó ń rán ọrùn aṣọ kékeré kan. Aṣọ oníbàárà ni. Nọ́ọ̀sì ti sọ fún mi lọ́nà pé kò tíì rán ẹyọ aṣọ kan fún ọmọ tirẹ̀. Màmá dúró nídìí tábìlì, ó ń lọ aṣọ, èéfín omi ń rú lójú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ẹ káàbọ̀. Nọ́ọ̀sì, ta ni ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ yìí?"

"Òun ló ń bá wa ṣírò, mà."

"Kó rántí ṣírò oúnjẹ mọ́ ọn. Ẹ jókòó."

A jókòó. Nọ́ọ̀sì wúkọ́. Ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Mi ò rí i kí ọ̀rọ̀ nira lẹ́nu rẹ̀ tó báyìí rí.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, nítorí Sọ́jà la ṣe wá. Àbí, nítorí ọmọ Sọ́jà, èyí tó kú. Ìyá ọmọ náà la fẹ́ rí."

Màmá gbé áyọ́ọ̀nù dúró. "Ìyá ọmọ ta ni?"

"Ìyá ọmọ Sọ́jà, mà."

"Òun lẹ̀ ń wá?"

"Tó bá ṣeé ṣe. A mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà lè le díẹ̀. Tí wọn ò bá sí pa pọ̀ mọ́, ẹ ṣáà júwe ibi tó wà fún wa, a ò ní sọ pé ẹ̀yin lẹ rán wa."

"Àwọn wo ni ò sí pa pọ̀ mọ́?"

"Sọ́jà àti ìyá ọmọ rẹ̀."

Ẹ̀rọ ìránṣọ ti dákẹ́. Mo wo Aránṣọ, ó ti fi aṣọ oníbàárà bo ẹnu, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Màmá kọjú sí ọ̀nà inú ilé, ó ké sókè:

"Ọkọ mi! Ẹ jáde síbí o! Àwọn dókítà dé. Wọ́n ní ẹ̀yin àti ara yín ò sí pa pọ̀ mọ́!"

Obìnrin gíga kan jáde, ó ń fi aṣọ nu ọṣẹ lọ́wọ́. Fèrè olùkọ́ eré ìdárayá rọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Ó wò wá láti òkè délẹ̀.

"Ta ló ń wá mi?"

"Ẹ má bínú, mà," mo ní. "Sọ́jà là ń wá."

"Èmi nìyí."

"Rárá, mà," Nọ́ọ̀sì ní, "ìyá ọmọ..."

"Èmi náà nìyẹn."

Màmá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi ní láti fa áyọ́ọ̀nù yọ lára iná.

"Kí lẹ wá rò pé ó jẹ́ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ ní ọkọ yín ni!" Nọ́ọ̀sì figbe ta.

"Ọkọ mi kọ́ ni? Àbúrò ọkọ mi, tí mo bá nílé, kí ni kí n máa pè é? Ìyàwó mi?"

"Ẹ ní ó bí ọmọkùnrin kan."

"Kò bí i ni?"

"Ẹ tún pè é ní Sọ́jà!"

"Ẹni tó ti ń pàṣẹ fún ìyá tó bí i kó tó mọ̀ ọ́n rìn. Bíṣọ́ọ̀bù ni ẹ̀ bá ní kí n pè é?"

Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. "Àbúrò ọkọ tèmi wá kí mi láìpẹ́ yìí. Obìnrin ni. 'Ọkọ mi, ẹ káàbọ̀' ni mo fi pàdé ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo tún kúnlẹ̀. Èmi kan náà ni mo dé ibi iṣẹ́ tí mo ya igun mẹ́rin."

Mo jókòó, mo ń tún gbogbo ọ̀rọ̀ náà kà lọ́kàn. Àbúrò: ọkùnrin ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, obìnrin ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó bímọ: bàbá ń bí, ìyá ń bí. Kò sí irọ́ kankan nínú ohun tí Màmá sọ, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó gbọ́ ọ tí kò rò pé ó yé òun. Nínú ọ̀rọ̀ tí a ti ń sọ láti kékeré la ti ṣìnà, bí ẹni tó kọsẹ̀ nínú yàrá ara rẹ̀.

Sọ́jà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ló wà nínú pé mo jẹ́ obìnrin?" ó bi wá.

Mo ṣàlàyé fún un. Mo sáré sọ ọ́ jù, Nọ́ọ̀sì gbà á lẹ́nu mi, ó fi sùúrù tún un sọ: ẹ̀dọ̀, oró, oorun, àbùdá tí ìyá ń gbé láìmọ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́, Sọ́jà jókòó díẹ̀díẹ̀ sórí àpótí.

"Ilé ọkọ mi ní èmi ni mo fi ara tẹ ọmọ náà pa lójú oorun," ó ní. "Oorun mi wúwo nígbà yẹn. Mi ò lè sọ pé n kò tẹ̀ ẹ́, torí mo sùn."

"Ẹ ò tẹ ẹnikẹ́ni," Nọ́ọ̀sì sọ.

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Nọ́ọ̀sì wò mí. Mo mọ̀ pé ó wù ú láti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni. "A ò tíì mọ̀," ó ní. "Ẹ̀jẹ̀ yín ló máa sọ."

Sọ́jà ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó na ọwọ́. "Ẹ fà á. Ẹ kọ́kọ́ fi ṣe èyí tó kan ọmọ inú rẹ̀," ó fi ẹnu júwe Aránṣọ. "Tèmi lè dúró."

Màmá kò jẹ́ kí a lọ láìjẹun. Wọ́n gbé oúnjẹ síwájú wa, ẹran wà lórí tẹnì kọ̀ọ̀kan. Kí n tó bẹ̀rẹ̀, Sọ́jà ti fi ṣíbí gbé ẹran tirẹ̀ sínú àwo mi.

"Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, fi kún un."

"Ẹ ò jẹran ni, mà?"

"Kì í bá mi lára mu. Láti kékeré ni. Bí mo bá jẹ ẹran tàbí ẹ̀wà tó pọ̀, orí á máa fọ́ mi, ojú mi á ṣú, n ó wá máa sọ̀rọ̀ bí ọ̀mùtí."

"Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́," Aránṣọ sọ látìdí ẹ̀rọ. "Wọ́n ní sọ́jà tí kì í jẹran, ogun wo ló fẹ́ jà?"

Ọwọ́ mi dúró lójú ọ̀nà ẹnu. Obìnrin tó ń gbé àbùdá yẹn kì í sábà ṣàìsàn, ṣùgbọ́n nínú àwọn mìíràn, èyí tó ń ṣiṣẹ́ kì í lè dá gbogbo pàǹtí gbé. Wọ́n á kàn máa sá fún ẹran, wọn ò ní mọ ìdí. Mo wo Nọ́ọ̀sì. Ó ti ń wò mí tipẹ́.

"Jẹun rẹ, Àlọ́," ó rọra sọ. "Kí á lè tètè lọ."

Ọ̀gá gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí ìdúró. Kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó mú aṣọ tí a fi ń nu pátákó, ó nu igun mẹ́rin náà kúrò, ó ya róbótó síbẹ̀, ó sì fẹ̀yìn rìn wá sọ́dọ̀ wa kó lè rí i dáadáa. Ìlà náà wá tọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ìyá sí ọmọbìnrin, láti ọmọbìnrin sí ọmọkùnrin tó kú.

"Láti òní lọ," ó ní, "ẹ má béèrè ta ló bí ọmọ mọ́. Ẹ máa béèrè ta ló lóyún rẹ̀."

Ó bá àwọn tó ni ẹ̀rọ náà sọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi tiwa ṣíwájú. Ẹ̀jẹ̀ Sọ́jà àti ti Aránṣọ jọ lọ. Ní àkókò yẹn ni mo mọ̀ pé ìdúró náà jẹ́ iṣẹ́, ó sì le ju ìṣirò lọ. Mo ka pákó òrùlé. Mo tún tábìlì mi tò. Nọ́ọ̀sì lé mi síta kí n lọ rìn káàkiri ọgbà.

Èsì dé: àbùdá kan náà, ibì kan náà ló ti bàjẹ́, lára àwọn méjèèjì. Àwòrán oyún sì ti fi hàn pé ọkùnrin ni ọmọ náà.

Ọ̀gá pe Aránṣọ. Sọ́jà bá a wá, ó dúró sẹ́yìn àga rẹ̀. Ọ̀gá sọ ọ́ bó ṣe rí: ìdajì sí ìdajì ni. Ọmọ náà lè ti gba èyí tó dára, ó sì lè ti gba èyí tó bàjẹ́. A ó mọ̀ lọ́jọ́ tí a bá bí i, a ó sì ti múra sílẹ̀ dè é.

Aránṣọ wo ikùn rẹ̀. "Ṣé èmi ni mo fún àkọ́kọ́ náà?"

"Ìyá yín fún yín, ìyá tiẹ̀ fún òun náà, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ohun tí èèyàn kò mọ̀ pé ó wà lọ́wọ́ òun, wọn kì í dá a lẹ́bi rẹ̀."

Mo rí i tí Sọ́jà kọjú sí ògiri, tó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó tún kọjú sí wa, ohùn rẹ̀ le bí ti tẹ́lẹ̀. "Kí ni ká gbé wá lọ́jọ́ ìbímọ? Ẹ sọ ọ́ kí n ti mọ̀."

Ọmọ náà dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí oòrùn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ sára fèrèsé. Ó ké, ó tóbi, ó na ẹsẹ̀ bí ẹni tí àyè ti ń há fún. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ láti inú ìwọ́, wọ́n gbé e wá fún wa, a sì yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà tí a ti mọ ibi tó bàjẹ́ gan-an, ẹ̀rọ kékeré ọ̀dọ̀ wa tó láti wo ibẹ̀. Ìdajì tí a kò fẹ́ ló bọ́ sí.

Kò sí ẹni tó pariwo. Omi ṣúgà ti rọ̀ lórí ọ̀pá irin rẹ̀. Oògùn tó ń kó oró jáde nínú ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú síríńjì. Ọ̀gá kò ní láti béèrè bóyá kí wọ́n fún un lọ́yàn. Ó mọ̀: wọn ò ní fún un lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìwọ̀nba, lẹ́yìn náà díẹ̀ sí i, pẹ̀lú oògùn, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ṣe ń wí. Ó ti sọ fún Aránṣọ pé ìtọ́jú yìí á pẹ́, pé oúnjẹ ọmọ náà yóò máa ní òṣùwọ̀n fún ọdún tó pọ̀. Aránṣọ ní òṣùwọ̀n kì í ba òun lẹ́rù, òun ni òun fi ń jẹun.

Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ kẹta, kò lè jókòó. Ó dúró ti ibùsùn ọmọ náà, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ẹsẹ̀ ọmọ. Bí ọmọ bá ti sùn, á fi ìka họ ọ́ ní àtẹ́lẹsẹ̀, ọmọ á jí, á ké, òun náà á mí. Lẹ́yìn náà ọmọ á tún sùn, á tún họ ọ́. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí, kò gbà.

Èmi àti Ọ̀gá wọlé bá a. Èsì ẹ̀jẹ̀ tuntun wà lọ́wọ́ mi. Oró inú rẹ̀ kéré, ó ti dúró síbi tí a fẹ́ láti ìgbà díẹ̀ wá.

"Ẹ má jí i mọ́," Ọ̀gá sọ.

"Ó ń sùn, Dókítà."

"Mo rí i."

"Bí ti àkọ́kọ́ ṣe sùn nìyí."

"Bí ti àkọ́kọ́ kọ́. Ẹ wò ó." Ọ̀gá na ìka kan, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà fẹ́ẹ́rẹ́. Ọmọ kò lajú. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ yí sí ọ̀nà ìka náà, ẹnu rẹ̀ là, ó ń fà, ó ń wá ọyàn lójú oorun. "Ọmọ tí oró bá gun ọpọlọ rẹ̀ kì í wá ọyàn. Ẹ fọwọ́ kàn án fúnra yín."

Aránṣọ fọwọ́ kàn án. Ẹnu kékeré náà tẹ̀ lé ìka rẹ̀ lọ sápá ọ̀tún. Ó kàn án ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Ó tẹ̀ lé e padà.

Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ẹsẹ̀ ọmọ, ó jókòó sórí àga, ó gbé orí lé etí ibùsùn. Mo rò pé ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Oorun ti gbé e lọ.

Mo ṣì fẹ́ wo nọ́ńbà kan lára ẹ̀rọ tó wà lókè orí ọmọ náà, torí ó ń lọ sókè sódò lọ́nà kan tí mi ò tíì mọ ìdí rẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan síwájú. Sọ́jà ti dìde níbi tó jókòó sí. Ó na apá rẹ̀ méjèèjì bí ilẹ̀kùn, ó sì ń fi àyà tì wá lọ sẹ́yìn, èmi àti Ọ̀gá, títí a fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Ẹ máa lọ," ó rọra sọ. "Àwọn méjèèjì ń sùn."